Páàdì Inú Tí N Kò Wò

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an fún mi ni Sálíù mẹkáníìkì, tí gbogbo àwa ọmọ Yorùbá agbègbè Choba ń pè ní Bàbá Ọ̀ffà. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi ṣíwájú, nítorí pé inú ilé mi ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ òde ni mo ti gbọ́ òtítọ́ rẹ̀. Mojísọ́lá, ìyàwó mi, ti sọ ọ́ fún mi ṣáájú Bàbá Ọ̀ffà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ̀rọ̀ fún tí ó kọ etí ikún, ǹjẹ́ a lè ní a ti sọ fún un? Lónìí, èmi nìkan ni ó kù nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tí a jọ ń gbé ní Port Harcourt. Bí mo bá jí lówùúrọ̀, ìró fìríìjì ni mò ń gbọ́. Bí iná bá lọ, fìríìjì náà á dákẹ́, ilé á sì pa lọ́lọ́ débi pé mo lè gbọ́ bí aago ọwọ́ mi ṣe ń rìn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, n ó gbé ọkọ̀ mi sókè lórí jáàkì, n ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n ó sì yẹ bíréèkì rẹ̀ wò níta àti nínú. Ó dá mi lójú pé kò sí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ dára tó tèmi ní gbogbo ìpínlẹ̀ Rivers. Kò sì sí ẹni kan tí yóò jókòó tì mí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀kan ni ó ṣe mí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní yunifásítì, mo sì tún lọ kọ́ ọ sí i ní òkè òkun. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo lò lọ́hùn-ún, nínú ìlú kan tí òtútù rẹ̀ máa ń fún ènìyàn létí bí ẹ̀mú, kí n tó padà wálé ní ọdún 2015, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ gbà mí sí Port Harcourt. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n kù lẹ́yìn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ní ń ti inú ìmọ́lẹ̀ padà sínú òkùnkùn. Inú mi dùn sí ìpadàbọ̀ mi. Mo gbà pé mo mú ohun kan bọ̀ tí ilẹ̀ wa nílò, ohun náà sì ni ètò: kí a wọn nǹkan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fọwọ́ sí i. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n kọ́ wa pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kò ṣe é. Mo gbé ìlànà yìí wọ inú ilé mi bí ìgbà tí ènìyàn gbé òrìṣà wọlé.

Port Harcourt ni wọ́n bí Mojísọ́lá sí. Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ ní èbúté, kò sì padà mọ́ títí ó fi kú. Yorùbá rẹ̀ kún fún Pidgin, èmi tí mo ti òkè òkun dé ni mo sì máa ń tún un ṣe fún un, bí olùkọ́ tí ó di pàṣán mú. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹnjiníà mi, abeg, ẹ jẹ́ kí n jẹun. Gírámà kì í yó èèyàn." Nọ́ọ̀sì ni. Ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ ni ó ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Oyigbo, ọkọ̀ mi ni ó sì ń gbé lọ, nítorí pé mọ́tò ilé-iṣẹ́ ni ó máa ń wá gbé èmi. Ọlọ́run kò tíì fún wa lọ́mọ. Àwa méjì náà ni a jẹ́ ara wa ní bàbá, ní ìyá àti ní ọmọ.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, òkè òkun ni mo ti rà á. Ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì, tí ó ń lo epo bẹntiróòlù àti iná bátìrì pọ̀. Bí ẹ bá rọra tẹ bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe bíréèkì gan-an ni ó kọ́kọ́ ń dá a dúró. Ẹ̀rọ iná rẹ̀ ni yóò fà á sẹ́yìn, tí yóò sì sọ eré tí ó ń sá di iná padà sínú bátìrì. Ìdí nìyí tí páàdì bíréèkì rẹ̀ kì í fi í tètè jẹ. Mo ti ka èyí nínú ìwé, mo sì fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ kan, a pàdé Bàbá Ọ̀ffà níbi ìkómọ kan ní Choba. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Aluu. Bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀ffà, ọmọ Ikwerre sì ni ìyá rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọkọ̀ mi, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká máa tú ẹsẹ̀ mọ́tò yìí lọ́dọọdún, ká máa fi gírísì sí i nínú. Port Harcourt yìí, atẹ́gùn ẹ̀ gan-an, omi ni." Mo dá a lóhùn níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe irú èyí tí a ń fi òòlù tún ṣe." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "No wahala. Ṣùgbọ́n irin ò mọ̀wé o." N kò mọ̀ pé òkò ni ó sọ, àti pé yóò bà mí bí ó pẹ́ bí ó yá.

Báyìí ni mo ṣe ń yẹ bíréèkì mi wò nígbà náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, n ó mú tọ́ọ̀ṣì àti ohun ìwọ̀n kékeré kan, n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n ó tan iná gba ihò rìímù wọlé, n ó sì wọn páàdì. Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀: nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwo irin kan wà tí ó ń yí pẹ̀lú tàyá. Irin kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kálípà gun àwo náà bí ẹ̀mú. Páàdì méjì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lójú òde, ọ̀kan lójú inú, àwọn méjèèjì ni yóò sì fún àwo náà mọ́ àárín nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ti òde ni ojú lè rí láti ihò rìímù. Ti inú fara pamọ́. Àfi kí a tú tàyá kí a tó rí i dáadáa. Ti òde ni mò ń wọ̀n. Mìlímítà mẹ́jọ. N ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, n ó kọ déètì, n ó fọwọ́ sí i, ara á sì tù mí bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mojísọ́lá sọ ọ́ fún mi, ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni a wà. Ó ní, "Ẹnjiníà, mọ́tò yìí ń ké o. Ẹsẹ̀ òsì, níwájú. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un pé irú ọkọ̀ yìí dákẹ́ púpọ̀ nígbà tí ó bá ń rọra lọ lórí bátìrì, ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe é fi fi ohùn kan sí i, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ní, "Ìyẹn mo mọ̀. Ìyẹn ń kọrin. Eléyìí ń sunkún." Mo ní kí ó jẹun kí oúnjẹ má baà tutù.

Ìgbà kejì, ó ń fọ ọkọ̀ náà ní àgbàlá. Ó pè mí síta, ó ní kí n wo rìímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: mẹ́ta mọ́ díẹ̀, ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń gbóná lẹ́yìn tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Port Harcourt mọ ohun tí èéfín dúdú, tí wọ́n ń pè ní sóòtù, ti fi ojú wa rí láti ọdún wọ̀nyí. Ó ń bà lé aṣọ tí a sá, ó ń bà lé ojú fèrèsé, bí ènìyàn bá fi aṣọ funfun nu imú, dúdú ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Èéfín ìlú yín ni." Ó wò mí, ó wo rìímù, ó da omi sí i. Èmi tí mo gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ, n kò bi ara mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bi ara rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ìbéèrè náà láìpẹ́, láti ẹnu ẹni tí kò wọ yunifásítì.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2022. Òjò ń rọ̀. Mojísọ́lá ń ti Oyigbo bọ̀ ní ọwọ́ ọ̀sán nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan já jáde lójijì láti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ó yà sí ọ̀tún, ó sì lọ gbá ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó wa kẹ̀kẹ́ náà dá sí méjì. Ifeanyi ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ará Oyigbo tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ náà bọ́ ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ fi orí gbá gíláàsì iwájú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó fi pákó di ẹsẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà, tí ó dá ọkọ̀ èrò kan dúró, tí ó gbé e dé ilé ìwòsàn, tí ó sì sùn lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ fún òru mẹ́ta.

Nígbà tí mo dé, ó dìde, ó di apá mi mú. Ó ní, "Mo tẹ bíréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Kò mú." Ìgbà kẹta nìyẹn. Ìyá Ifeanyi wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò mí, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ pé Ẹnjiníà ni ọkọ obìnrin náà. Kí ni ọkọ rere ìbá ṣe? Èmi, àpò mi ni mo kì ọwọ́ bọ̀. Mo yọ ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde. Mo ṣí i síbi Sátidé àkọ́kọ́ oṣù náà, mo sì kà á sí wọn létí, ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: páàdì iwájú òsì, mìlímítà mẹ́jọ; iwájú ọ̀tún, mìlímítà mẹ́jọ. Mo wá yíjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Kò lè jẹ́ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ ló yọ̀."

Ẹyin ni ohùn; bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Mojísọ́lá wo ìwé náà títí. Ó wo ìbuwọ́lù mi. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títutù yẹn níwájú ìyá Ifeanyi, ó ní, "Mama, abeg, no vex. Na me. Na my leg." Obìnrin náà gbé e dìde. Èmi pa ìwé mi dé.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti wakọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ Oyigbo sílẹ̀, nítorí kò lè kọjá ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Kò bá mi jà. Kò pè mí ní Ẹnjiníà mi mọ́. Ó di "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣeun". Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń rí. Bí ó bá jókòó nídìí oúnjẹ, tàbí tí ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ nínú ilé ìdáná, yóò ti ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, yóò tẹ ilẹ̀ dáadáa, yóò gbé e sókè, yóò sì tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tí ó ń na ara ọkọ̀ tí ó bá tẹ̀ ti tún iwájú ọkọ̀ náà ṣe, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, mo sì rí i pé ó ń wúwo lójú ọ̀nà bí ẹni tí ẹnìkan di aṣọ mú lẹ́yìn. Ìgbéraga mi ní kí n tú ẹsẹ̀ òsì náà fúnra mi nílé. Tàyá jáde, ṣùgbọ́n bóòtù tí ó de kálípà mọ́ra kò gbà; sípánà mi ṣẹ́ sí i lẹ́nu. Mojísọ́lá ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ pe Bàbá Ọ̀ffà." Mo pè é.

Bàbá Ọ̀ffà dé, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó wà nínú àpò mi. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ sínú ilé, ibi tó jìn. Mọ́tò yìí kì í sùn. Téèyàn bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀ báyìí, bíréèkì ẹ̀ á kàn jí, á fún ara ẹ̀ pọ̀." Ẹnu yà mí, òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Mo béèrè pé ta ni ó kọ́ ọ. Ó na ọwọ́ òsì sí mi. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kò ní èékánná. Ó ní, "Òun ló kọ́ mi." Mo lọ fi kọ́kọ́rọ́ náà lé Mojísọ́lá lọ́wọ́. Ó dì í mú, ó sì padà lọ jókòó sínú ilé.

Bàbá Ọ̀ffà fi epo sí bóòtù náà, ó dúró, ó fi sípánà gígùn yí i, ó gbọ́. Ó fa kálípà náà, kò fẹ́ yọ̀. Ó fi hàn mí: àwọn píìnì méjì tí kálípà yẹ kí ó máa yọ̀ lórí wọn síwá sẹ́yìn ti dípẹtà, wọ́n sì ti gan pa. Ó ní, "Ẹ̀yin ní bíréèkì ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ohun tí a kì í lò ló ń dípẹtà." Lẹ́yìn náà ni ó yọ páàdì méjèèjì, ó sì gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti òde nípọn, mìlímítà mẹ́jọ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ti inú kò ní páàdì kankan lára mọ́. Irin lásán ni, ó ń dán bí ojú ọ̀bẹ, ó sì ti gbẹ́ àwo náà bí ìgbà tí wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ ebè.

Bàbá Ọ̀ffà kò wojú mi. Rìímù tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń wò. Ó ní, "Rìímù yìí dúdú ju ìyókù lọ. Kí lẹ rò pé ó fà á?" Mo ní mo rò pé èéfín ni. Ó ní, "Sóòtù? Sóòtù wá mọ ẹsẹ̀ òsì yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún?" Páàdì tí ó ń kú ni ó ń da eruku dúdú náà sílẹ̀, láti bí oṣù mélòó kan. Ó wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Oyigbo fún mi, òun tí kò sí níbẹ̀, bí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ó ní nígbà tí a bá rọra tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná ń bo àṣírí páàdì yìí. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ já jáde lójijì ni a nílò bíréèkì gidi. Ti ọ̀tún mú, ti òsì kò mú, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi yà sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó pa ọ̀wọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyàwó ẹ tẹ bíréèkì. Obìnrin yẹn tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Irin ló pàdé irin. Lọ sọ fún un."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó wà láàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún un. Èmi fúnra mi máa sọ ọ́." Ó ní, "Nígbà wo?" Mo ní, "Lónìí." Ó fi páàdì tuntun sí i, ó fọ píìnì, ó fi gírísì sí wọn, ó lọ. Mojísọ́lá jáde, ó da kọ́kọ́rọ́ náà padà fún mi, ó ní, "Ṣé wọ́n rí nǹkan kan?" Mo ní, "Wọ́n fi gírísì sí i."

Kí ni ó dí mi lẹ́nu? Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rẹ́rìn-ín lórí fóònù, n kò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní n kò ní bà á jẹ́. Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀túnla di oṣù mẹ́rìnlá. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ̀rù ń bà mí kí ó má baà wò mí bí èmi ṣe wò ó ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀ ẹ wo irú ẹni tí mo jẹ́: n kò lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí a tú u gan-an ni mo wé páàdì méjèèjì sínú bébà funfun, mo sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: *Iwájú òsì, páàdì inú. Mìlímítà òdo. Irin ti kan àwo.* Mo kọ déètì. Mo fọwọ́ sí i. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ mi.

Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Mojísọ́lá ń wá abẹ́rẹ́ tí yóò fi rán kọ́tìnnì. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, páàdì méjèèjì wà lórí tábìlì oúnjẹ, bébà náà wà lábẹ́ wọn, a ti fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa. Ó ti múra, báàgì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ń ṣàlàyé bíréèkì fún un láti ọdún púpọ̀ wá. Kò sí ohun kan nínú ìwé náà tí kò yé e. Kò pariwo. Ó ní, "Ta lẹ kọ ọ́ fún?" Ó ní, "Ẹ lè sọ ọ́ fún bébà. Ẹ ò lè sọ ọ́ fún mi." Ó dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò yọ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó dá kẹ̀kẹ́ dúró ní ẹnu géètì.

Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kì í gbé ìpè mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe òun nìkan lẹ ka ìwé sí létí lọ́jọ́ náà." Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo bẹ Bàbá Ọ̀ffà pé kí ó sìn mí lọ sí Oyigbo. Inú yàrá kan tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tí a kò rẹ́ ni a ti bá Ifeanyi àti ìyá rẹ̀. Ó ti padà sídìí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Mo tẹ́ páàdì náà síwájú wọn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ìró tí ó ń sunkún dé orí dúrọ́ọ̀. Nígbà tí mo parí, Ifeanyi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oga, na today you just know? Madam don tell me for hospital say she press brake. Person wey sleep for bench three nights because of me, why she go lie?" Ó ti gbà á gbọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá gbà á gbọ́. Èmi tí mo fẹ́ ẹ ni n kò gbà á gbọ́. Ìyá rẹ̀ fi ojú wá ẹ̀yìn mi síta, ó béèrè pé, "Where she dey?" Ó ní kí n sọ fún un pé òun ń kí i.

Kí a tó gbéra padà, Bàbá Ọ̀ffà fọwọ́ kan rìímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n dọ́gba. Kò séyìí tó gbóná jùkan lọ." Lójú ọ̀nà, ó ní kí n wakọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kí n má fi fóònù pe Mojísọ́lá mọ́, kí n kúnlẹ̀ bí òun náà ṣe kúnlẹ̀. Mo ní n ó lọ. Ẹ wò ó, n kò tíì lọ. Ìgbà mìíràn, mo ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, n ó sì mú kálàmù, n ó wá rántí ìbéèrè rẹ̀: ta lẹ kọ ọ́ fún? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé pẹ̀lú ènìyàn ju bí mo ṣe gbé lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ǹjẹ́ ẹni tí a kò gbà gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lè gba ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí i gbọ́ lẹ́ẹ̀kan? Ẹni tí ó bá sì ní irú ọkọ̀ mi, kí ó má ṣe gba ihò rìímù yọjú kí ó ní òun ti rí i tán. Kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, kí ó tú tàyá, kí ó wo ti inú, kí ó rí i pé píìnì ń yọ̀. Bí ẹni tí ó ń wà á bá sì sọ pé ó ń sunkún, kí ó dá iṣẹ́ dúró, kí ó lọ tẹ́tí sí i.

Mo kọ ìrìn àjò Oyigbo náà sínú ìwé mi, nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn. Sátidé kejì nínú oṣù kejì, ọdún 2024. Àwọn tí ó wà níbẹ̀: Ifeanyi, ìyá rẹ̀, Bàbá Ọ̀ffà, àti èmi. Ènìyàn mẹ́rin. Ẹni karùn-ún, tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀, kò sí níbẹ̀.